Ṣé owó òkè òkun ló ń tún ìlú tí ogun abẹ́lé bàjẹ́ ṣe?

Nígbàkúùgbà tí ogun abẹ́lé bá rọlẹ̀ níbì kan, ọ̀rọ̀ kan náà ló máa ń jáde lẹ́nu àwọn èèyàn: "Kí àwọn orílẹ̀-èdè ọlọ́rọ̀ ṣáà kó owó wá, ìlú náà á bọ̀ sípò." Tí a bá ní kí wọ́n mú ẹ̀rí wá, Yúróòpù lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni wọ́n á nàka sí. Amẹ́ríkà kó nǹkan bíi bílíọ̀nù dọ́là 13 lọ síbẹ̀ láàárín 1948 sí 1952, ilẹ̀ náà sì dìde.

Òótọ́ ni pé ó dìde. Àmọ́ ogun tó jà ní Yúróòpù wó ilé, ó wó afárá, kò pa ìmọ̀ iṣẹ́ rẹ́. Agbowó-orí wà, adájọ́ wà, ẹnjiníà tó mọ inú ẹ̀rọ wà. Owó tí Amẹ́ríkà fi ránṣẹ́ kò tó ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo owó tó ń wọlé fún àwọn orílẹ̀-èdè tó gbà á. Èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà, àpò ara wọn ni wọ́n ti mú un. Ogun abẹ́lé tún yàtọ̀ sí ìyẹn pátápátá: ẹni tó dáná sun ilé rẹ àti ẹni tí ẹ ó jọ tún àdúgbò ṣe lè jẹ́ ẹnì kan náà.

Ẹ jẹ́ ká wo Làìbéríà. Lórí odò St. Paul, lẹ́yìn ìlú Monrovia, ni ìsédò Mount Coffee wà, tó ń fún olú-ìlú náà níná. Nígbà tí ogun dé ibẹ̀ ní 1990, àwọn òṣìṣẹ́ sá. Odò kún, kò sẹ́ni tí yóò ṣí ilẹ̀kùn tí omi ń gbà jáde. Omi gun orí ìsédò, ó sì já apá kan rẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà ni àwọn olè wá tú ẹ̀rọ, wọ́n kó wáyà lọ. Ìparun ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí àwọn tó mọ iṣẹ́ náà kò sí níbẹ̀ mọ́.

Norway, Jámánì, Amẹ́ríkà àti báńkì ìdókòwò ilẹ̀ Yúróòpù dáwó jọ, ẹ̀rọ sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í yí ní December 2016, ọdún 13 lẹ́yìn tí ogun parí. Megawatt 88 ló lè mú jáde báyìí. 64 ni tẹ́lẹ̀. Iṣẹ́ ribiribi ni, mi ò ní jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fojú di í. Àmọ́ ẹ bá mi tẹ̀lé wáyà náà wọ ìgboro. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, iná tó ju ìdajì lọ ni ilé iṣẹ́ mànàmáná kò rí owó rẹ̀ gbà. Àwọn kan so wáyà mọ́ òpó lóru láìní mítà, òmíràn sì ṣòfò lójú ọ̀nà. Tí ẹ̀rùn bá dé, odò á fà, iná á sì já wálẹ̀. Owó ìrànwọ́ ra ẹ̀rọ, ó gbé òpó ró. Ẹni tí yóò ka mítà lóṣooṣù láìgba rìbá, tí yóò sì fi owó tó pa pààrọ̀ tàráńsífọ́mà tó jó, kò sí lọ́jà.

Ibi tí ó ń dùn mí jù lọ ni àsìkò. Lọ́dún kìíní, ọdún kejì, tí àwọn oníròyìn ṣì wà níbẹ̀ pẹ̀lú kámẹ́rà, owó á máa rọ́ wọlé bí òjò. Ìgbà yẹn gan-an ni iléeṣẹ́ ìjọba kò ní tábìlì, tí kò ní ìwé àkọsílẹ̀, tí kò ní akọ̀wé tó lè ṣètò ìnáwó. Àwọn onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé méjì, Paul Collier àti Anke Hoeffler, ṣe ìwádìí lórí èyí. Wọ́n rí i pé láàárín ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́, orílẹ̀-èdè tó ti ogun bọ̀ kò lè lo owó ìrànwọ́ dáadáa ju àwọn yòókù lọ. Ẹ̀yìn ìgbà yẹn, títí tí ọdún mẹ́wàá fi ń pé, ló ń so èso jù. Ìgbà náà sì ni àwọn olùrànlọ́wọ́ ti ń palẹ̀ mọ́, wọ́n ti gba ibi ogun mìíràn lọ.

Ọ̀nà tí owó ń gbà tún ṣe pàtàkì. Nítorí ìbẹ̀rù àjẹbánu, tí kì í ṣe ìbẹ̀rù lásán, ọ̀pọ̀ olùrànlọ́wọ́ máa ń yẹ ìjọba sílẹ̀, wọ́n á gba ọ̀dọ̀ àwọn àjọ tiwọn. Àjọ á gba dírẹ́bà, á gba ògbufọ̀, owó oṣù wọn á sì ju ti tíṣà tàbí nọ́ọ̀sì ìjọba lọ fíìfíì. Ta ni yóò wá dúró ní kíláàsì? Nígbà tí Ebola dé Làìbéríà ní 2014, lẹ́yìn ọdún 11 tí owó ìrànwọ́ ti ń wọlé, nǹkan bí àádọ́ta dókítà ni orílẹ̀-èdè tó ní èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́rin ní. Ilé ìwòsàn tí àwọn àjọ ń bójú tó wà káàkiri; ètò ìlera tí ìlú lè pè ní tirẹ̀ ni kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Ti Afghanistan kò gba àlàyé púpọ̀. Nǹkan bíi bílíọ̀nù dọ́là 145 ni Amẹ́ríkà nìkan yà sọ́tọ̀ fún àtúnkọ́ rẹ̀ láàárín ogún ọdún. Àwọn olùbẹ̀wò Amẹ́ríkà fúnra wọn kọ ọ́ sílẹ̀ pé owó ń lọ sórí orúkọ sójà tí kò sí níbì kankan. Ní August 2021 ìjọba náà dànù láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.

Àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má torí èyí sọ pé kí wọ́n dá owó ìrànwọ́ dúró. Irọ́ nìyẹn náà, ẹ̀mí èèyàn ló sì ń bá a lọ. Ní Mozambique, lẹ́yìn àdéhùn àlàáfíà October 1992, ó lé ní 90,000 jagunjagun láti ìhà méjèèjì tí wọ́n tú sílẹ̀. Wọ́n bi oníkálukú pé ibo ló fẹ́ máa gbé. Fún ọdún méjì ni wọ́n ń san owó fún un, ó sì ń lọ gbà á ní báńkì tó súnmọ́ ibi tó yàn. Àwọn olùrànlọ́wọ́ ló gbé èyí tó pọ̀ jù nínú owó náà sílẹ̀. Wọ́n tún dá àpò owó kan sílẹ̀ kí Renamo, ẹgbẹ́ ọlọ̀tẹ̀ tó bá ìjọba jà, lè di ẹgbẹ́ òṣèlú. Ìjà tún ṣẹlẹ̀ láti 2013, àmọ́ ogun ńlá ìgbà yẹn kò padà. Owó yẹn kéré, ó mọ ẹni tó ń lọ bá, ó sì dúró tì í di ìgbà tó tún lè máa roko. Bákan náà ni àwọn ọmọ ogun Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó tó 15,000 tí wọ́n kó lọ sí Làìbéríà ní 2003. Ohun tí wọ́n ṣe kò ṣeé yà ní fọ́tò: wọn kò jẹ́ kí ìbọn tún dún.

Èyí tó máa ń ya ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́nu ni Somaliland. Ó yà kúrò lára Somalia ní 1991, kò sórílẹ̀-èdè tó fọwọ́ sí i nígbà náà, nítorí náà owó ìrànwọ́ kò fi bẹ́ẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ìjọba rẹ̀. Àwọn àgbà ẹ̀yà jókòó ní Borama ní 1993, oṣù mélòó kan ni wọ́n lò, àwọn ará ìlú ló sì ru èyí tó pọ̀ jù nínú ìnáwó wọn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti yan Egal ní ààrẹ. Kì í ṣe pé ibẹ̀ di ọ̀run: ìjà tún bẹ́ sílẹ̀ ní 1994, títì àti ilé ìwé sì kéré títí dòní, owó láti òkèèrè ì bá ti ran wọ́n lọ́wọ́ gan-an. Ṣùgbọ́n nítorí pé Egal kò rí ibòmíràn gbà, àwọn oníṣòwò tó ń kó ọjà gba èbúté Berbera ló yá a lówó tó fi tú àwọn ọmọ ogun ẹ̀yà ká, owó ibodè Berbera ló sì fi ń san owó oṣù. Bí ojú ọ̀nà kò bá láàbò, ọjà kò ní wọlé. Bí ọjà kò bá wọlé, owó oṣù kò sí. Àwọn tó yá a lówó sì ń gbé ìlú kan náà pẹ̀lú rẹ̀, wọ́n lè rìn dé ọ́fíìsì rẹ̀ lọ béèrè.