Àpótí irin inú Spectrum, àti bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í fò ó dá

Tú ìdérí kọ̀ǹpútà ZX Spectrum, wo igun òkè lápá òsì. Àpótí irin kékeré kan wà níbẹ̀ tó ń dán bí agolo sàdíìnì. Modulator ni wọ́n ń pè é, òun ló fa gbogbo ìtàn yìí.

Oṣù kẹrin ọdún 1982 ni ilé iṣẹ́ Clive Sinclair gbé kọ̀ǹpútà náà jáde nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, £125 fún èyí tó ní ìrántí 16K, £175 fún ti 48K. Owó pọ́ọ́kú ni, nígbà yẹn, fún kọ̀ǹpútà tó ní àwọ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó rà á bá tún ní láti lọ wá owó mọ́nítọ̀ tí yóò fi máa wò ó, ọjà ti bàjẹ́ nìyẹn. Tẹlifíṣọ̀n ti wà ní pálọ̀, ihò kan ṣoṣo ló sì wà lẹ́yìn ọ̀pọ̀ wọn: ihò ẹ́ríà. Ni Sinclair bá sọ kọ̀ǹpútà di ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kékeré. Modulator á gba àwòrán, á gbé e gun ìgbì rédíò ní ṣánẹ́ẹ̀lì 36 ti UHF. Tẹlifíṣọ̀n á tún sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ẹni tó bá ti yí bọ́tìnnì rí láti wá ibi tí fídíò VHS bàbá rẹ̀ fara pa mọ́ sí mọ bó ṣe máa ń rí: ariwo ṣáá, àwòrán á yọ fìrí, á tún sá lọ.

Ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín níbẹ̀ ni pé àwòrán ti pé pérépéré kó tó wọ àpótí. Ṣíìpù ULA tí Ferranti ṣe ló ń yà á, ṣíìpù LM1889 á fi àwọ̀ sí i ní ìlànà PAL tí tẹlifíṣọ̀n ibẹ̀ ń lò, wáyà kan á sì gbé e wọlé. Nígbà tí tẹlifíṣọ̀n wá ń ní ihò fídíò tirẹ̀, àwọn èèyàn bi ara wọn pé kí wá ni ìrìn àjò yìí wà fún. Wọ́n tú resísítọ̀ tó so mọ́ ihò modulator látinú, wọ́n sì sọ́dà wáyà fídíò tààrà mọ́ àárín ihò kan náà. Ẹnikẹ́ni kò lu ihò tuntun sára kọ̀ǹpútà. Àwọn kan fi kapasítọ̀ 100µF sáàárín, àwọn mìíràn fi tiransísítọ̀ kan. Kò ju iṣẹ́ ìṣẹ́jú mélòó kan lọ fún ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kì í gbọ̀n.

Wàhálà wá dé lẹ́yìn èyí, wọ́n sì di gbogbo ẹ̀bi ru àtúnṣe. Lójú tèmi, àṣírí àbùkù tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ló tú. Bí àwọ̀ bá sọnù, fi mítà wo 12V kó o tó tún fọwọ́ kan áyọ̀n sọ́dà, torí 12V ni LM1889 ń jẹ, tiransísítọ̀ TR4 sì wà lára àwọn tó ń pèsè rẹ̀. Bí TR4 bá kú, -5V tí àwọn ṣíìpù ìrántí 4116 nílò á bá a lọ, ó sì lè pa ìrántí náà. Bí àwọ̀ bá wà ṣùgbọ́n tó ṣì lọ́nà, bọ́ọ̀dù Issue 1 àti 2, àwọn ẹ̀dà àkọ́kọ́, ní bọ́tìnnì kéékèèké VR1 àti VR2 tí a fi ń tọ́ ọ. Issue 3 kò ní wọn mọ́. Àwọn àmì kéékèèké tó ń rìn létí lẹ́tà pupa? Fi wọ́n sílẹ̀. Àwọ̀ àti ìmọ́lẹ̀ ló jọ ń gba wáyà kan.

Èyí tó le jù wà lára ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ZX81 ti ọdún 1981. Lẹ́yìn àmì tó ń kéde pé ìlà àwòrán tuntun bẹ̀rẹ̀, ó yẹ kí dúdú wà fún ìwọ̀nba àkókò díẹ̀, kí tẹlifíṣọ̀n lè fi mọ ohun tí dúdú jẹ́. ULA 2C184E kò fi àyè yẹn sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ojú ìwé funfun ni ZX81 ń kọ̀wé sí. Tẹlifíṣọ̀n ìgbà náà gbójú fò ó. Ti òde òní wo ibẹ̀, ó bá funfun, ó gbà á ní dúdú, gbogbo ojú rẹ̀ bá ṣú. O lè pààrọ̀ wáyà títí di ọ̀la, kò ní là. ULA 2C210E tó dé lẹ́yìn ló fi àyè náà sí i.

Nígbà tí Spectrum 128 máa fi dé Sípéènì ní 1985, ihò RGB, tó ń gbé pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ti wà lẹ́yìn rẹ̀. Modulator ṣì wà nínú rẹ̀ síbẹ̀.