Ọjọ́ mélòó lọ́sẹ̀ ló tó fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ kàrátè?

Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ra aṣọ kàrátè kì í fẹ́ bọ́ ọ sílẹ̀. Kò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń so bẹ́líìtì funfun náà tí yóò fi bi mí pé, "Kóòṣì, ṣé mo lè máa wá lójoojúmọ́?"

Ọmọkùnrin kan tó ń kọ́ṣẹ́ wẹ́dà níbí, ní Ìjẹ̀bú-Òde, kò tiẹ̀ bi mí. Ó wá lọ́jọ́ Ajé, ó wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó tún wá ní Ọjọ́rú. Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, mo rí i tó ń fi ẹ̀yìn sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, tó di ògiri mú bí arúgbó. Odidi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la ò fi rí i mọ́.

Ìrora yẹn kì í ṣe àìsàn. Tí a bá fún ẹran ara níṣẹ́ tí kò mọ́ ọn lára, yóò ya wẹ́wẹ́ nínú, yíya tí ojú kò lè rí. Kì í sábà dunni lójú ẹsẹ̀. Láàárín wákàtí 24 sí 72 ló máa ń le jù. Àkókò yẹn náà ni ara ń tún un ṣe, tó ń mú un le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àwọn baba wa tó fi amọ̀ mọlé mọ̀ ọ́n: wọn kì í gbé ipele kejì lé èyí tí kò tíì gbẹ.

Ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ tó, wákàtí kan sí wákàtí kan ààbọ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí ọjọ́ kan ó kéré tán sì wà láàárín. Ẹni tó ń ru ẹrù lọ́jà látàárọ̀ dalẹ́, ẹ̀ẹ̀mejì náà ni tiẹ̀. Ìsinmi kì í sì í ṣe kéèyàn na gbalaja sórí bẹ́ẹ̀dì. Ẹ rìn díẹ̀, ẹ na ara, ẹ ṣe kátà, ìyẹn àwọn ìgbésẹ̀ kàrátè tí a tò tẹ̀ léra, èyí tí ẹ ti kọ́, jẹ́ẹ́jẹ́ láìfi agbára sí i.

Ibi tí ẹ̀rù ti máa ń bà mí jù ni nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹfà. Ẹran ara ti ń le nígbà náà, ọmọ á rò pé òun ti di kìnnìún. Ṣùgbọ́n iṣan tó so ẹran mọ́ egungun kò yára bẹ́ẹ̀, torí ẹ̀jẹ̀ tó ń dé ibẹ̀ kò pọ̀. Ibẹ̀ lèmi náà ti jìn sí kòtò. Mo wà ní bẹ́líìtì yẹ́lò, mo ń tàpá sí àpò iyanrìn láràárọ̀ kí n tó lọ sílé ìwé; ẹni tó ń kọ́ wa nígbà yẹn ní ọ̀lẹ ló ń sinmi. Iṣan ẹ̀yìn gìgísẹ̀ mi wú. Tí mo bá jí, ìṣísẹ̀ àkọ́kọ́ á dà bíi pé mo tẹ àfọ́kù ìgò. Oṣù mẹ́rin ni mo fi tiro. Títí dòní, bí ọyẹ́ bá ti ń fẹ́, ó máa ń kí mi.

Àwọn ọ̀dọ́ á ní ṣebí àwọn tó díje ní Gateway Games, ìdíje eré ìdárayá gbogbo Nàìjíríà tí ìpínlẹ̀ Ògùn gbàlejò ní 2025, máa ń ṣe é lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ẹ bi wọ́n pé ọdún mélòó ni wọ́n ti ń bọ̀.

Kí ẹ tó dìde láàárọ̀, ẹ fi ìka méjì sí ọrùn ọwọ́ lábẹ́ àtàǹpàkò, kí ẹ ka bó ṣe ń lù fún ìṣẹ́jú kan. Tó bá fi bíi 10 ju iye tó máa ń jẹ́ lọ, tí oorun kò sì dá lójú yín, ẹ má wá lọ́jọ́ yẹn. Kí itan méjèèjì máa ro yín, iṣẹ́ ni. Kí ojú kan ṣoṣo ní oríkèé máa gún yín, ẹ dúró. Tí ìtọ̀ bá wá dúdú bíi kóòkì, ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.

Gárì Ìjẹ̀bú pẹ̀lú omi tútù nìkan kò lè tún ẹran ara ṣe. Ẹ fi ẹ̀pà àti ẹja kún un. Ìkọ́kọrẹ́ tí ẹja pọ̀ nínú rẹ̀ dára ju gbogbo ike oògùn tí wọ́n ń tà fún yín lọ.

Lọ́sẹ̀ Ojúde Ọba, mo máa ń ti ilẹ̀kùn pa, torí kò sẹ́ni tó máa wá. Nígbà tí a bá padà, àwọn kan á fẹ́ ṣe ti ọ̀sẹ̀ méjì pọ̀ lọ́jọ́ kan. Èyí tó ti lọ ti lọ, kì í ṣe gbèsè.