Tí àdúrà ò bá jáde lẹ́nu mọ́: ọ̀rọ̀ fún onígbàgbọ́ tí ìsoríkọ́ ń bá jà

"Orí mi ń gbóná." Ohun tí màmá yẹn kọ́kọ́ sọ fún mi nìyẹn. Wọn ò tíì pé àádọ́ta ọdún, aṣọ ni wọ́n ń tà, ọmọ ẹgbẹ́ akọrin sì ni wọ́n ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Wọ́n fọwọ́ kan àtàrí, wọ́n ní, "Nọ́ọ̀sì, ibí yìí ń gbóná bí ẹni gbé iná lé e, nǹkan sì ń rìn mí lára bí èèrà, mo ti lo oògùn ibà lẹ́ẹ̀mẹta, kò lọ." Mo ní oorun ńkọ́, wọ́n ní tó bá ti di aago mẹ́ta òru ojú àwọn á dá wáí, títí ilẹ̀ á fi mọ́. Oúnjẹ ńkọ́, wọ́n ní ó dà bíi kéèyàn máa jẹ páálí. Ọjà ńkọ́, ó ti lé lóṣù kan àbọ̀ tí wọ́n ti ṣí ṣọ́ọ̀bù gbẹ̀yìn. Ìgbà tí mo wá béèrè nípa orin ni omi bọ́ lójú wọn. Wọ́n ní, "Mo máa ń dúró láàárín wọn, mo máa ń la ẹnu, àmọ́ mi ò gbọ́ nǹkan kan nínú mi mọ́. Ọlọ́run ti fi mí sílẹ̀."

Nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú àwọn tí àìlera ọpọlọ àti ọkàn ń bá jà ni mí, Kristẹni sì ni mí, mi ò lè ka iye ẹnu tí mo ti gbọ́ gbólóhùn ìkẹyìn yẹn rí. Pásítọ̀ ti sọ ọ́ fún mi, ìyá ìjọ ti sọ ọ́, ọmọ yunifásítì tó ń darí ẹgbẹ́ àdúrà ti sọ ọ́. Mo mọ̀ pé ẹnì kan wà tó ń ka èyí báyìí tó ń sọ ọ́ nínú tí kò jẹ́ kẹ́nikẹ́ni gbọ́, ìwọ gan-an ni mo jókòó kọ eléyìí sí.

Àìsàn tí òyìnbó ń pè ní depression, ìsoríkọ́ la máa ń pè é, ẹ sì wo orúkọ yẹn dáadáa, ẹni tó so orí kọ́, tí orí ò dúró lọ́rùn mọ́. Inú Sáàmù 42 náà la ti rí i tí onísáàmù ń bi ọkàn ara ẹ̀ pé kí ló dé tí orí rẹ fi tẹ̀ ba. Kì í ṣe ìbànújẹ́ ọjọ́ kan, gbogbo wa la máa ń banú jẹ́. Èyí tá à ń sọ yìí, ó kéré tán á ti tó ọ̀sẹ̀ méjì gbáko tí èèyàn ò rí ìdùnnú nínú ohun tó fẹ́ràn tẹ́lẹ̀, oorun á dàrú, oúnjẹ á sú u, agbára á tán, ọkàn á máa dá a lẹ́bi lórí ohun tí kò tó nǹkan, á máa ronú pé ó sàn kóun má sí. Lọ́dọ̀ tiwa níbí, ara ló sábà máa ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, orí gbígbóná, àyà jíjá, nǹkan tó ń rìn lára, ìdí nìyẹn tí àwọn èèyàn fi máa ń tọ́jú ibà àti táífọ́ọ̀dù títí owó á fi tán lọ́wọ́. Ti àwọn ọkùnrin tún máa ń gba ibòmíì yọ, wọ́n á máa kanra, wọ́n á máa mutí. Ìyá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ náà, ẹ má gbàgbé wọn, àwọn èèyàn á ní kó máa dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó fún un lọ́mọ, òun á sì máa sunkún ní bálùwẹ̀.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ pé Ọlọ́run fi mí sílẹ̀. Ẹ gbọ́, tí ọ̀fìnkìn bá mú èèyàn, kì í gbóòórùn ọbẹ̀, ṣé ìyẹn wá túmọ̀ sí pé wọn ò se ọbẹ̀ nílé ni? Ọbẹ̀ wà lórí iná, imú ló ń ṣàìsàn. Ìsoríkọ́ máa ń ṣe ibi tí èèyàn fi ń mọ adùn lára gan-an ni, bí màmá yẹn ò ṣe mọ adùn ẹ̀fọ́ mọ́, bẹ́ẹ̀ náà ni wọn ò ṣe mọ adùn orin, bẹ́ẹ̀ náà ni ọmọ-ọmọ wọn ṣe ń rẹ́rìn-ín sí wọn tí kò dé ibì kan nínú wọn. Àìsàn kan náà ni gbogbo ẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀rí pé ìgbàgbọ́ ti kú, kì í sì í ṣe ẹ̀rí pé Ọlọ́run ti ṣí lọ. Mo máa ń sọ fún wọn pé Jésù fúnra ẹ̀ pariwo ọ̀rọ̀ yẹn lórí igi, "Ọlọ́run mi, Ọlọ́run mi, èéṣe tí ìwọ fi kọ̀ mí sílẹ̀," ó sì tún pè é ní Ọlọ́run mi lẹ́ẹ̀mejì kó tó bi í.

Ibi tí mo fẹ́ ká jókòó lé jù ni ọ̀rọ̀ Èlíjà, Àwọn Ọba kìíní orí 19. Èèyàn tí iná ṣẹ̀ṣẹ̀ tọ̀run wá fún lórí òkè Kámẹ́lì, kò pẹ́ rárá lẹ́yìn ẹ̀ ló sá wọ aginjù, tó jókòó sábẹ́ igi kan, tó ní ó tó, Olúwa gba ẹ̀mí mi. Ẹ wá wo ohun tí Ọlọ́run kọ́kọ́ ṣe. Kò bá a wí, kò sọ fún un pé ìgbàgbọ́ ẹ̀ kéré, kò ní kó lọ gbààwẹ̀. Ó jẹ́ kó sùn. Áńgẹ́lì fọwọ́ kàn án, ó ní dìde jẹun, àkàrà wà lórí ẹyin iná, ìkòkò omi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí ẹ̀, ó jẹ, ó mu, ó tún sùn padà. Wọ́n tún jí i lẹ́ẹ̀kejì pé kó tún jẹun, torí ọ̀nà náà jìn fún un. Ìgbà tó ti sùn tó ti jẹun, tó ti rìn dé òkè Hórébù, ni Ọlọ́run tó bẹ̀rẹ̀ sí í bá a sọ̀rọ̀, ó bi í léèrè, ó jẹ́ kó sọ gbogbo ẹ̀dùn ọkàn ẹ̀ jáde lẹ́ẹ̀mejì, ó sì fi Èlíṣà tì í kó má dá wà mọ́. Nínú iṣẹ́ tèmi, ètò ìtọ́jú gan-an nìyẹn, oorun, oúnjẹ, kí ẹnì kan tẹ́tí, kéèyàn má dá wà.

Ohun tá a sábà máa ń ṣe ní ṣọ́ọ̀ṣì wá yí i sódì, ọ̀rọ̀ yìí máa ń dùn mí gan-an ni. Ẹni tí kò sùn láti oṣù kan, wọ́n ní kó wá ìṣọ́ òru ọjọ́ méje. Ẹni tí kò rí oúnjẹ jẹ, wọ́n ní àwẹ̀ gbígbẹ ọjọ́ mẹ́ta. Mi ò bá àwẹ̀ jà o, èmi náà ń gbààwẹ̀, àmọ́ ẹni tí ìsoríkọ́ mú, àìsùn máa ń ti ọkàn ẹ̀ sísàlẹ̀ sí i ni, tó bá sì jẹ́ pé oògùn ló ń lò, ikùn òfo àti ara tí kò lómi lè dá wàhálà míì sílẹ̀. Tí pásítọ̀ yín bá ní kẹ́ ẹ gbààwẹ̀, ẹ fi ọ̀wọ̀ sọ fún wọn pé ara yín ò dá, pé àwẹ̀ yín lásìkò yìí ni kẹ́ ẹ jẹun lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́. Bó ṣe yá mi lára láti sọ ọ́ nìyẹn.

Báwo wá ni ìgbàgbọ́ ṣe ń tù èèyàn nínú tí ọkàn ò bá gbọ́ nǹkan kan? Èsì tí mo ti rí ni pé ó sábà máa ń gba ọwọ́ ẹlòmíì wá. Ẹ ka Máàkù orí 2, ọkùnrin tí kò lè rìn, èèyàn mẹ́rin ló gbé e, wọ́n dá òrùlé lu, Bíbélì sì ní nígbà tí Jésù rí ìgbàgbọ́ wọn. Tiwọn, àwọn tó gbé e wá. Kò sẹ́ni tó bi ẹni orí ẹní yẹn pé ìgbàgbọ́ tìẹ dà. Pọ́ọ̀lù náà, nínú Kọ́ríńtì kejì orí 7, nígbà tí ọkàn ẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì ní Makedóníà, ó ní Ọlọ́run tu àwọn nínú nípa dídé Títù. Ọ̀rẹ́ kan ló wọlé, ìyẹn ni ìtùnú.

Orin kan wà tá a máa ń kọ níbi oúnjẹ Olúwa, èyí tó sọ̀rọ̀ ìsun tó kún fún ẹ̀jẹ̀. William Cowper ló kọ ọ́, akéwì ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n bí lọ́dún 1731. Ọ̀pọ̀ nínú wa tó ń kọ ọ́ tomijé-tomijé ò mọ̀ pé ìsoríkọ́ ló bá ọkùnrin yìí fínra jálẹ̀ ayé ẹ̀. Ó gbìyànjú láti gba ẹ̀mí ara ẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, lọ́dún 1763 wọ́n gbé e lọ sílé ìtọ́jú àwọn alárùn ọpọlọ ní St Albans, ọ̀dọ̀ dókítà kan tó ń jẹ́ Nathaniel Cotton, ibẹ̀ gan-an, ní ilé ìtọ́jú yẹn, ló sì ti rí ìgbàlà nígbà tó ń ka ìwé Róòmù. Àìsàn náà tún gbé e ṣánlẹ̀ lọ́dún 1773. John Newton tó jẹ́ àlùfáà ní Olney, tí òun àti ẹ̀ jọ kọ ìwé orin tó jáde lọ́dún 1779, gbà á sílé, ó lé lọ́dún kan tó fi wà lọ́dọ̀ wọn. Nígbà tí ara ẹ̀ ń le díẹ̀díẹ̀, aládùúgbò fún un ní ehoro, ó wá di mẹ́ta, ó ń fún wọn lóúnjẹ, ó ń kan àpótí fún wọn, ó ń tọ́jú ọgbà. Mi ò ní parọ́ fún yín, àìsàn yẹn ò kúrò tán títí ó fi kú lọ́dún 1800, òun fúnra ẹ̀ gbà pé Ọlọ́run ti ta òun nù, Newton ò sì gbà bẹ́ẹ̀ fún un rárá. Ẹni tó gba ìgbàgbọ́ ẹ̀ dì mú fún un nígbà tí òun ò lè dì í mú mọ́ nìyẹn.

Torí náà, tó bá jẹ́ ìwọ lo wà lórí ẹní, má fi dandan mú ara ẹ kó gbàdúrà wákàtí kan. Mú ẹsẹ Bíbélì kan ṣoṣo, kúkúrú, lò ó fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, kà á sókè láàárọ̀ kódà tí kò bá dùn mọ́ ẹ. Sáàmù 88 dára gan-an fún irú àkókò yìí, òkùnkùn ló fi parí, kò sí "àmọ́ mo yọ̀" kankan níbẹ̀, Ọlọ́run sì jẹ́ kó wà nínú ìwé mímọ́ bẹ́ẹ̀. Tí kíkà bá ṣòro, jẹ́ kí ẹlòmíì kà á sí ẹ létí. Lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, àmọ́ jókòó sẹ́yìn, pẹ̀lú ẹnì kan tó mọ ohun tó ń ṣe ẹ́, tí ariwo bá pọ̀ jù, ẹ jáde. Gbé fọ́ònù jìnnà sí ẹ̀rí ọlọ́kan-ò-jọ̀kan lórí WhatsApp fúngbà díẹ̀, wọ́n máa ń jẹ́ kí ẹni tí inú ẹ̀ bà jẹ́ rò pé òun nìkan ni Ọlọ́run gbàgbé. Tó bá sì jẹ́ pé ìwọ wà lára àwọn mẹ́rin tó ń gbé ẹní, jọ̀ọ́, má lọ wàásù. Gbé ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín dání, fọ abọ́ tó wà nínú bàsíà, fọ orí ọmọ wọn, jókòó. Ẹ lè má sọ ju gbólóhùn mẹ́ta lọ.

Ọ̀rọ̀ oògùn ńkọ́? Ẹ lọ sọ́sibítù. Wọ́n á kọ́kọ́ yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò, torí àìtó ẹ̀jẹ̀ àti àìsàn ẹ̀yà ara kan ní ọrùn tí wọ́n ń pè ní thyroid lè jọ ọ́. Tó bá jẹ́ ìsoríkọ́, wọ́n lè fún yín ní oògùn bíi fluoxetine tàbí amitriptyline, kì í ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ kejì bíi paracetamol, ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin ló máa ń gbà kéèyàn tó mọ̀ ọ́n lára, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń sọ pé kò ṣiṣẹ́ tí wọ́n á sì jù ú sílẹ̀. Kódà tí ara bá ti yá, ẹ máa lò ó lọ fún bí oṣù mẹ́fà, dókítà ló máa sọ ìgbà tẹ́ ẹ máa dín in kù. Ẹ má lọ ra oògùn oorun ní kẹ́míìsì fúnra yín. Tí pásítọ̀ bá fòróró pa yín lórí, ẹ ṣàmín, kẹ́ ẹ fi omi gbé oògùn yín mì, àwọn méjèèjì ò bára wọn jà.

Àwọn kan ń sá fún ọsibítù torí orúkọ "wèrè." Lọ́dún 1954, ní Arò l'Ábẹ́òkúta, Dókítà Adéoyè Lambo ṣètò pé kí àwọn aláìsàn máa gbé láàárín àwọn ará abúlé, ẹbí kan á tẹ̀ lé aláìsàn wá, wọ́n á wá gbàtọ́jú ní ọsibítù, wọ́n á padà sáàárín èèyàn. Wọn ò ti àwọn aláìsàn yẹn mọ́lé nítorí pé ọkàn wọn ń ṣàìsàn.

Tí ọ̀rọ̀ ikú bá wà nínú ẹ̀, ìyẹn ò ní í dúró de ọjọ́ Sunday. Ẹ bi ẹni yẹn ní tààràtà, "Ṣé ó ti ń wá sí yín lọ́kàn pé kẹ́ ẹ pa ara yín?" Bíbéèrè kì í fi èrò yẹn sí èèyàn lórí, ó máa ń sọ ẹrù kalẹ̀ ni. Ẹ kó oògùn apakòkòrò kúrò nílé, ẹ má fi í sílẹ̀ lóun nìkan, ẹ gbé e lọ sọ́sibítù lọ́jọ́ yẹn gan-an. Tó bá jẹ́ ìwọ ni, pe ẹnì kan báyìí, sọ gbólóhùn kan péré pé, "Mi ò fẹ́ dá wà lálẹ́ òní."

Màmá yẹn, àbúrò wọn obìnrin ló wá ń sùn tì wọ́n. Àwọn akọrin pín ara wọn sí ọjọ́ méjì-méjì, ẹnì kan á gbóúnjẹ wá, á sì ka Sáàmù kan ṣoṣo kó tó lọ. Lọ́jọ́ Sunday wọ́n máa ń jókòó láàárín ẹgbẹ́ akọrin láìkọrin, ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn á ṣí ìwé orin sílẹ̀ sáàárín àwọn méjèèjì, ó sì máa ń kọ ọ́ fún ẹni méjì. Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà wọ́n wá rí mi ní kílíníìkì, mo bi wọ́n pé báwo ni nǹkan. Wọ́n ní, "Nọ́ọ̀sì, mo fẹ́ bá àbúrò mi jà. Iyọ̀ ọbẹ̀ àná pọ̀ jù." Mo mú bírò, mo kọ ọ́ sínú káàdì wọn.