Ìdí tí Wi-Fi fi ń pòórá lẹ́yìn tí wọ́n bá ṣe upgrade Linux

Wọ́n ń tẹ fọ́ọ̀mù, wọ́n ń ṣe prínńtì ní ṣọ́ọ̀bù kan nítòsí ọjà Kàbà, Ubuntu (irú Linux kan) ló wà lórí laptop torí fláàṣì àwọn kọ́sítọ́mà kún fún fáírọ́ọ̀sì, kọ̀ǹpútà wá ní version tuntun ti dé, wọ́n tẹ̀ ẹ́, dátà tó ju 1GB lọ, ó restart, ni Wi-Fi bá di àwátì. Kì í ṣe pé network ò dáa o. Àmì Wi-Fi gan-an ni ò sí lókè mọ́, tí wọ́n bá wọ Settings, "No Wi-Fi Adapter Found" ni wọ́n máa bá níbẹ̀. Àwọn tó jókòó á kan máa kí wọn ní "ọ̀kún o, ọ̀kún o" bí ará Kàbà, iṣẹ́ sì ti dúró.

Kernel ló fà á. Òun ló ń bá gbogbo ẹ̀yà kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀, upgrade sì máa ń pààrọ̀ ẹ̀: kernel 5.15 ni Ubuntu 22.04 bá jáde, 6.8 ni ti Ubuntu 24.04. Driver (ètò tó ń jẹ́ kí kernel lè lo ẹ̀yà kan, bíi Wi-Fi) tó pọ̀ jù ti wà nínú kernel fúnra ẹ̀, àwọn yẹn ò ní wàhálà. Àmọ́ ti Wi-Fi Broadcom kan tó wà nínú àwọn laptop àtijọ́, àti ti NVIDIA tó ń gbé àwòrán sójú screen, ìta ni wọ́n ti ń wá, bíi kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n gé fún àgádágodo kan ṣoṣo, tí àgádágodo bá yí padà àfi kí wọ́n tún un gé. Ohun tó ń gé e ni wọ́n ń pè ní DKMS. Tí driver bá ti gbó jù fún kernel tuntun, DKMS ò ní lè gé e, ó á sì sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n àárín ọ̀rọ̀ rẹpẹtẹ tó ń sáré kọjá lójú screen ló ti máa sọ ọ́, ta ló fẹ́ rí i? Nígbà míì ó á gé e dáadáa, Secure Boot (ẹ̀ṣọ́ tó ń yẹ ètò wò bí kọ̀ǹpútà bá ń tàn) á ní òun ò gbà á torí kò ní signature tí òun mọ̀.

Ìnira ibẹ̀ ni pé íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n máa fi wá driver, Wi-Fi ló sì lọ. Wáyà tí wọ́n fi ń cháàjì fóònù ni kí wọ́n kì bọ̀ ọ́, kí wọ́n tan USB tethering lórí fóònù, tó ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì fóònù wọ kọ̀ǹpútà, Linux á gbà á láìbéèrè driver kankan. Tàbí kí wọ́n di Shift mú tó bá ń tàn (Esc ni lórí èyí tó bá jẹ́ UEFI, bíi ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tuntun), kí wọ́n wọ "Advanced options for Ubuntu", kí wọ́n mú kernel àtijọ́, tí wọn ò bá tíì yọ ọ́ dànù níbi tí upgrade ti béèrè bóyá kó kó àwọn nǹkan àtijọ́ kúrò.

Kí wọ́n má gbà fún ẹni tó bá ní àfi kí òun format ẹ̀. Fáìlì wà ní /home, upgrade ò fọwọ́ kàn án, format ló ń pa á rẹ́, iṣẹ́ ọdún mẹ́ta lè bá a lọ.

Ti iná tún wà. Nígbà upgrade, wọ́n máa ń kọ́kọ́ tú package (ètò tí wọ́n dì pọ̀) sílẹ̀ ni, lẹ́yìn náà ni wọ́n á tò ó, tí iná bá lọ láàárín méjèèjì, ìdajì ló máa wà nílẹ̀. `sudo dpkg --configure -a`, kí `sudo apt -f install` tẹ̀ lé e, tí wọ́n bá tẹ̀ wọ́n sínú Terminal, sábà máa ń parí ẹ̀. Desktop tí ò ní bátìrì, ní Kàbà tàbí Mọ̀pà, kí wọ́n rọ epo sí jẹnẹrétọ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀.

Kò sì sí ohun tó ń lé èèyàn. 24.04 jáde ní oṣù kẹrin 2024, Ubuntu fúnra wọn ò fi han àwọn tó wà lórí 22.04 títí 24.04.1 fi jáde ní oṣù kẹjọ. 22.04 ṣì ń gba àtúnṣe títí di 2027, ẹni tí iṣẹ́ bá ká mọ́ lè jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀ ná.