"Lee": ibòòji atẹ́gùn lẹ́yìn erékùṣù

Ẹni tó ń dín àkàrà létí títì máa ń fi páànù kan dí ẹ̀gbẹ́ ààrò rẹ̀. Ọ̀kánkán ibi tí atẹ́gùn ti ń bọ̀ ló ń gbé e sí, kí iná má baà máa sá kúrò lábẹ́ agbada. Ẹ̀yìn páànù yẹn, níbi tí iná ti ń jó jẹ́jẹ́, ni àwọn atukọ̀ ń pè ní "lee". Bí igi ṣe ń ṣíji bo èèyàn lọ́wọ́ oòrùn, bẹ́ẹ̀ ni ògiri, òkè, tàbí odidi erékùṣù ṣe lè ṣíji boni lọ́wọ́ atẹ́gùn.

Ní òkun Kàríbéánì, ibòòji yìí ló ń sọ ibi tí ọkọ̀ ìgbòkun máa sùn sí. Ìlà-oòrùn tàbí àríwá ìlà-oòrùn ni ẹ̀fúùfù ibẹ̀ ti máa ń fẹ́ wá ní ọ̀pọ̀ ọjọ́ nínú ọdún. Ìwọ̀-oòrùn wá di ẹ̀yìn erékùṣù. Ẹ wo àwọn olú-ìlú erékùṣù ibẹ̀ bíi Castries, Roseau, St. George's àti Bridgetown: ìhà ìwọ̀-oòrùn ni gbogbo wọn wà.

Ká ní ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mẹ́rin jọ wọ ọkọ̀ ìgbòkun lọ sí Bequia, erékùṣù kékeré kan ní Saint Vincent and the Grenadines, tí ilẹ̀ rẹ̀ tó nǹkan bíi kìlómítà 18 onígun mẹ́rin. Admiralty Bay lẹ máa ju ìdákọ̀ró sí, níwájú ìlú Port Elizabeth, ní ìwọ̀-oòrùn. Omi ibẹ̀ máa ń rọlẹ̀. Imú gbogbo ọkọ̀ tẹ́ ẹ bá níbẹ̀ ló máa kọjú sí ilẹ̀, torí pé ibi tí atẹ́gùn ti ń bọ̀ ni ọkọ̀ tó wà lórí ìdákọ̀ró máa ń kọjú sí. Tí ìdákọ̀ró bá sì yọ lóru, òkun gbalasa ni atẹ́gùn máa gbé yín lọ, kì í ṣe orí àpáta.

Ilẹ̀ wá mọ́, ẹ fẹsẹ̀ rìn gun òkè kọjá sí Spring Bay ní ìhà kejì. Ìrìn náà kò gùn, àmọ́ bí ẹ bá ti ń sọ̀ kalẹ̀, fìlà fẹ́ẹ̀ kúrò lórí. Ẹ̀fúùfù lẹ́lẹ́ ń dààmú ewé àgbọn, ìgbì ń fọ́ lára òkúta abẹ́ omi. Erékùṣù kan náà ni, ọjọ́ kan náà ni. Lójú tèmi, kò sí àwòrán ilẹ̀ tó lè kọ́ èèyàn ní "lee" tó ìrìn ẹsẹ̀ yìí.

Ibi tó ti ń lọ́jú rèé o. Ibi ààbò ni "lee" erékùṣù. "Lee shore" sì ni ohun tí atukọ̀ ń bẹ̀rù jù! Etíkun tí atẹ́gùn ń ti ọkọ̀ lọ bá ni "lee shore". Ọkọ̀ tó bá wà lójú omi níwájú Spring Bay, etí ilẹ̀ yẹn ni atẹ́gùn ń tì í lọ fọ́ sí. Fún erékùṣù, iwájú ni ibẹ̀. Fún ọkọ̀ náà, "lee shore" ni. Kí ẹ tó lóye ọ̀rọ̀ náà, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín: ta ló dúró, níbo ló dúró sí? Kódà, Sint Maarten, erékùṣù Kàríbéánì kan tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì kà mọ́ erékùṣù ẹ̀yìn atẹ́gùn, erékùṣù iwájú atẹ́gùn ni àwọn ará Nẹ́dálándì ń pè é, torí pé ara Curaçao àti Aruba, àwọn erékùṣù tó jìnnà sí i lápá ìwọ̀-oòrùn, ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n.

Ibòòji yìí kì í sì í ṣe pátápátá. Atẹ́gùn máa ń já wálẹ̀ lójijì láti àárín òkè méjì, ìgbì náà sì máa ń yí orí erékùṣù po wá mi ọkọ̀ lóru. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1999, ìjì líle Lenny gba ọ̀nà òdì: láti ìwọ̀-oòrùn ló ti wá, ó ń lọ sí ìlà-oòrùn. Ìgbì rẹ̀ rọ́ lu ìhà ìwọ̀-oòrùn àwọn erékùṣù, títí kan Grenada tó jìnnà sí ojú ìjì náà gan-an. Àwọn èbúté tí wọ́n ti ń sùn láìfòyà látọdúnmọ́dún ló wá di "lee shore".