Ṣọ́ọ̀kì lára ìkókó àti ọmọdé

Ṣọ́ọ̀kì jẹ́ ipò pàjáwìrì nínú èyí tí ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣàn kò lè gbé ọ́síjìn tó pọ̀ tó dé ọpọlọ, kíndìnrín àti àwọn ẹ̀yà ara yòókù. Lára ọmọdé, omi tàbí ẹ̀jẹ̀ tó ti dànù ló sábà máa ń fà á: ìgbẹ́ gbuuru àti èébì, àrùn onígbáméjì, iná tó jó ọmọ, tàbí ìjàǹbá ọkọ̀. Àkóràn tó wọnú ẹ̀jẹ̀, àìsàn ọkàn, àti oúnjẹ tàbí oògùn tí ara ọmọ kọ̀ náà lè fà á. Ẹ̀jẹ̀ ìkókó jẹ́ nǹkan bíi mílílítà 80 fún kílò kọ̀ọ̀kan, nítorí náà, gbogbo ẹ̀jẹ̀ ọmọ tó wọn kílò 5 kò kún ìgò omi 50cl. Ohun tí àgbàlagbà lè pàdánù láìṣubú lè pa ọmọ bẹ́ẹ̀.

Ẹni tó bá gbójú lé ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ nìkan yóò pẹ́ kó tó mọ̀. Ọkàn ọmọ máa ń yára lù, àwọn iṣan ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ a sì sún kì, tí ìfúnpá yóò fi dúró dáadáa títí ẹ̀pa yóò fi fẹ́ẹ̀ má bóró mọ́. Ìdí nìyí tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ní kí a wo àmì mẹ́ta tó bá wà pọ̀: ọwọ́ tó tutù, iṣan tó ń yára lù tí kò sì lágbára, àti ẹ̀jẹ̀ tó ń pẹ́ kó tó padà sábẹ́ èékánná. Láti yẹ ti ìkẹyìn yìí wò, a ó tẹ èékánná àtàǹpàkò ọmọ fún ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta títí yóò fi funfun, a ó sì fi sílẹ̀. Bí àwọ̀ rẹ̀ bá pẹ́ ju ìṣẹ́jú-àáyá 3 lọ kó tó padà, ewu wà. Yàrá tó tutù lè ṣi ni lọ́nà níbi àyẹ̀wò yìí. Àwùjẹ̀ tó jìn wọlé, ọmú tí ọmọ kò lè mu mọ́, àìtọ̀ àti oorun àsùnjù náà yẹ ní kíkíyèsí.

Kí ọmọ tó dé ilé ìwòsàn, ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní láti tẹ́ ẹ sílẹ̀, kó fi aṣọ mímọ́ tẹ ojú ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń jáde ṣinṣin, kó sì daṣọ bò ó. Ọmọ tí kò mọ ibi tó wà kò gbọ́dọ̀ mu ohunkóhun. Àgbo tí a bá fi rọ ọ́ lè bá ọ̀nà èémí lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Nílé ìwòsàn, wọ́n á fún un ní ọ́síjìn, wọ́n á wọn ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọ́n á sì wá iṣan tí wọ́n lè gbà fa omi sí i lára. Bí iṣan kò bá tètè ṣeé rí, wọ́n á gún abẹ́rẹ́ tó nípọn sínú egungun ojúgun, díẹ̀ nísàlẹ̀ orúnkún, kí omi lè gba inú mùdùnmúdùn wọnú ẹ̀jẹ̀.

Bí omi náà ṣe gbọ́dọ̀ yára tó ti fa àríyànjiyàn púpọ̀. Ìwádìí FEAST, tí wọ́n ṣe ní Kẹ́ńyà, Ùgáńdà àti Tànsáníà tí àbájáde rẹ̀ jáde lọ́dún 2011, wo àwọn ọmọ tó lé ní 3,000 tí ibà líle ń ṣe, tí ẹ̀jẹ̀ wọn kò sì ṣàn dáadáa. Láàárín wákàtí 48, nǹkan bí ìdá 10.5 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí wọ́n sáré fa omi sí lára ló kú, nígbà tó jẹ́ ìdá 7.3 lára àwọn tí wọn kò ṣe bẹ́ẹ̀ fún. Wọn kò fi àwọn ọmọ tó ń ya ìgbẹ́ gbuuru kún un, nítorí náà, àṣìṣe ńlá ni láti fi àbájáde rẹ̀ du ọmọ tí onígbáméjì ti gbẹ lómi: ìkókó tí kò tíì pé ọdún kan ń gba mílílítà 30 fún kílò kọ̀ọ̀kan ní wákàtí kan, lẹ́yìn náà 70 ní wákàtí márùn-ún. Fún ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀kì mìíràn, ìlànà Àjọ Ìlera Àgbáyé jẹ́ mílílítà 10 sí 20 fún kílò kọ̀ọ̀kan láàárín ìṣẹ́jú 30 sí 60. Ọmọ tí àìjẹunrekánú ti mú gbẹ nílò ìṣọ́ra púpọ̀ sí i, ẹ̀jẹ̀ ni a sì gbọ́dọ̀ tètè fa sí ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ jọjọ.

Bó bá jẹ́ àkóràn ló fà á, oògùn apakòkòrò gbọ́dọ̀ wọlé láàárín wákàtí àkọ́kọ́. Bó bá jẹ́ ohun tí ara kọ̀ ni, abẹ́rẹ́ adrenaline ní itan ni àkọ́kọ́. Bí èémí ọmọ bá ń yára sí i tàbí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ń wú bí omi ti ń wọlé, kí a dá omi náà dúró.