Fáìlì wà níbẹ̀, Django ní kò sí: ibo gan-an ló ń wò?

Àbúrò kan tó ń kọ́ Python lọ́dọ̀ mi ní Mayfair, nílùú Ilé-Ifẹ̀, ń fi Django, irinṣẹ́ Python fún kíkọ ìkànnì, ṣe ìkànnì fún ìyá kan tó ń ta àdìrẹ. Láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ ni ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo fi dí i lọ́nà: TemplateDoesNotExist, ìyẹn ni pé Django ò rí tẹ́ńpléètì, fáìlì HTML tó fẹ́ fi ṣe ojú ìwé. Bẹ́ẹ̀, àwa méjèèjì là ń wo fáìlì ọ̀hún kòrókòró. Mo kọ ohun tó bi mi àti ohun tí mo fi dá a lóhùn síbí, torí kì í ṣe òun ni yóò kọ́kọ́ bi mí.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ wò ó, fáìlì náà rèé. Kí ló dé tó ní òun ò rí i?

Torí kò dé ibẹ̀ rárá ni. Bí o bá kọ render(request, "oja.html"), Django ò ní máa tú gbogbo lápútọ́ọ̀pù rẹ. Ojúlé tí o bá dárúkọ fún un nìkan ló ń kàn, tí wọn ò bá sì ti dáhùn níbẹ̀, ó parí.

Inú settings.py, lábẹ́ TEMPLATES, ni orúkọ àwọn ojúlé yẹn wà. Nǹkan méjì ni kí o wò níbẹ̀. DIRS ni àwọn fódà tí ìwọ fúnra rẹ bá kọ sílẹ̀, òfìfo sì ni startproject, àṣẹ tó ń dá iṣẹ́ tuntun sílẹ̀, máa ń fi í sílẹ̀ fún ọ. APP_DIRS ní tirẹ̀, bó bá ti jẹ́ True, ó ń rán Django lọ sínú fódà tó ń jẹ́ templates nínú áàpù (ẹ̀ka iṣẹ́ rẹ) kọ̀ọ̀kan tó wà nínú INSTALLED_APPS, àkójọ àwọn áàpù nínú settings.py. Kíyè sí i: templates, pẹ̀lú "s". Startapp, àṣẹ tó ń dá áàpù sílẹ̀, kì í dá fódà yẹn fúnni, ìwọ lo máa dá a.

Ìwọ wá gbé fódà tìrẹ sí ẹ̀gbẹ́ manage.py. Kò sí nínú áàpù kankan, kò sì sí nínú DIRS. Ta ló fẹ́ lọ kàn án?

Kí ni kí n wá kọ sínú DIRS?

"DIRS": [BASE_DIR / "templates"],

BASE_DIR ni fódà tí manage.py wà, ó ti wà lókè settings.py fúnra rẹ̀. Má kọ C:\Users àti gbogbo ìyẹn síbẹ̀ o, sáfà (kọ̀ǹpútà tí ìkànnì ń gbé) tí o máa gbé iṣẹ́ náà lọ ò ní irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀.

Láti Django 3.1, lọ́dún 2020, ni BASE_DIR tí startproject ń kọ ti di ti pathlib, irinṣẹ́ Python fún ọ̀nà fáìlì, òun ló jẹ́ kí "/" lè so ọ̀nà pọ̀. Iṣẹ́ tó bá ti pẹ́ jùyẹn lọ, os.path.join(BASE_DIR, "templates") ló bá a mu. Bí o bá sì rí TEMPLATE_DIRS nínú ẹ̀kọ́ kan, ẹ̀kọ́ ọjọ́ pípẹ́ nìyẹn, láti 1.8, ní 2015, ni TEMPLATES ti gba ipò rẹ̀. Ojú mi rí nǹkan nígbà TEMPLATE_DIRS. Mo fi ọ̀nà kan ṣoṣo sínú àkámọ́, mo gbàgbé kọ́mà, Python sì ń ka ọ̀nà náà ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan bí ẹni pé fódà ni lẹ́tà kọ̀ọ̀kan jẹ́. Odindi ọjọ́ kan ló gbà mí.

Ó ti ṣiṣẹ́, àmọ́ index.html áàpù kan ló ń jáde nígbà tí mo pe ti èkejì.

Lọ dúró sí Ẹnuwá, kí o ké pe "Táíwò!" Ẹni tó bá wà nítòsí jù ló máa kọ́kọ́ jẹ́ ọ, bó bá tiẹ̀ jẹ́ Táíwò mìíràn lo ń wá. Àwọn àgbà wa kì í pe orúkọ lásán báyẹn. Wọ́n á ní Táíwò Ìlódè, Táíwò Ìrẹmọ, kí ọ̀rọ̀ má dàrú.

Django ń kọ́kọ́ wo DIRS, láti òkè wá sílẹ̀ bí o ṣe tò ó. Lẹ́yìn náà ló kan àwọn áàpù, bí wọ́n ṣe tẹ̀ léra nínú INSTALLED_APPS. Èyí tó bá kọ́kọ́ jẹ́ orúkọ náà ló ń mú, kò ní bi ọ́ bóyá òun lo ní lọ́kàn. Ìdí nìyẹn tí a fi ń fi orúkọ agboolé, ìyẹn orúkọ áàpù, kún un:

oja/templates/oja/index.html

kí o wá pè é ní "oja/index.html". Ó dà bí àsọtúnsọ, mo mọ̀. Èmi náà yọ oja kejì kúrò lẹ́ẹ̀kan, mo sì tún dá a padà.

Ètò yìí kan náà wúlò bí o bá fẹ́ yí ojú admin padà. Fi admin/base_site.html sínú fódà tó wà nínú DIRS, tìrẹ ló máa kọ́kọ́ rí.

Báwo ni mo ṣe lè mọ ibi tó ti wò?

Òun fúnra rẹ̀ ti sọ fún ọ láti àárọ̀. Bí DEBUG bá jẹ́ True, fa ojú ìwé àṣìṣe náà sísàlẹ̀ títí o fi máa rí Template-loader postmortem. Gbogbo ọ̀nà tó tọ̀ ló tò síbẹ̀. Bí áàpù rẹ ò bá sí láàárín wọn, o lè ti gbàgbé láti fi í sínú INSTALLED_APPS, tàbí kí fódà templates má sí nínú rẹ̀.

Ṣé bẹ́ẹ̀ náà ni Flask, irinṣẹ́ Python mìíràn fún ìkànnì?

Ó rọrùn díẹ̀. Fódà templates tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fáìlì tí o kọ Flask(__name__) sí ló ń wò. Bí o bá fẹ́ ibòmíì, fi template_folder sọ fún un.

Lórí lápútọ́ọ̀pù mi ó dára, lórí sáfà ó tún ní kò sí!

Kí lorúkọ fáìlì náà gan-an? Oja.html, o sì pè é ní oja.html. Ọ̀kan náà ni méjèèjì lójú Windows. Lójú Linux, tó wà lórí sáfà rẹ, ẹni méjì ni wọ́n. Má kàn yí orúkọ náà padà nínú fódà lásán, torí lórí Windows, git, tó ń tọ́jú ìyípadà inú fáìlì rẹ, lè má mọ̀ pé o ṣe nǹkan kan. Tẹ git mv Oja.html oja.html, kí o tún gbé e lọ, kí o sì pa sáfà, kí o tún un tàn, torí bí DEBUG bá ti jẹ́ False, Django máa ń fi tẹ́ńpléètì tó ti kà pamọ́ sórí.